Pátákó Àwọn Ará Ṣáínà àti Ẹ̀rín Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

  

Nígbà tí Akọ̀wé wa wá bá mi nílé, ó ní kí n wá ọ̀rọ̀ tí yóò pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti gbọ́ ní oṣù méjì sẹ́yìn wúwo púpọ̀. Mo gbà fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni ti àwọn pátákó àti àwọn ìwé oúnjẹ tí àwọn ará Ṣáínà túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àlejò wọn, tí ìtumọ̀ náà sì ṣìnà. Ẹ ó rẹ́rìn-ín. N kò ní kí ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi dé òpin ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kọ́ ni a ó parí rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n to díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀. Bí omi bá wà nílẹ̀ ní ilé ìtajà tàbí ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ṣáínà, wọn a gbé pátákó kékeré kan síbẹ̀ láti kìlọ̀ fún àwọn tí ń kọjá pé ilẹ̀ ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ti ka Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára irú pátákó bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sì wí fún wọn ni pé: "Ẹ fi ìṣọ́ra yọ̀." Ní ẹ̀bá adágún omi, níbi tí ó yẹ kí a ti kìlọ̀ kí ènìyàn má bàa jìn sómi, ohun tí wọ́n kà ni pé: "Ẹ rọra já sínú omi." Ní pápákọ̀ òfurufú Beijing, ní ẹnu ọ̀nà tí a kì í ṣí àfi bí ewu bá dé, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ wọlé "ní ìgbà àlàáfíà", bí ẹni pé bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀, kí olúkúlùkù máa bọ̀. Ọgbà ńlá kan wà ní Beijing kan náà, níbi tí a ti ń fi ilé, aṣọ àti àṣà onírúurú ẹ̀yà tí ó wà ní Ṣáínà han àwọn ènìyàn. Orúkọ rere ni ọgbà náà ń jẹ́ ní èdè wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a túmọ̀ rẹ̀ sára pátákó ojú ọ̀nà, ó di "Ọgbà Ẹlẹ́yàmẹ̀yà". Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a sì fi inú rere kọ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara, orúkọ tí a kọ sí i lẹ́nu ọ̀nà ni "Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ọkùnrin Tí Ara Rẹ̀ Wọ́".

Èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú gbogbo wọn ni ti ilé oúnjẹ kan, tí àwòrán rẹ̀ tàn ká ayé ní ọdún 2008. Ní èdè Ṣáínà, ohun tí a kọ sí òkè ilé náà kò ju "Ilé Oúnjẹ" lọ. Lábẹ́ rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, a kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ ìtumọ̀ kò ṣiṣẹ́." Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kí ó bá wọn túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dákú, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé òun dákú. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rò pé ìtumọ̀ tí àwọn ń wá nìyẹn, wọ́n sì gbé e lé ẹni tí ń kọ pátákó lọ́wọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ó fà á. Àwọn kan yóò sọ pé àìmọ̀wé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ó lé ní 3,000 ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń kọ èdè wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀wé, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. A ní láti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn, ó sì yẹ kí ó yé àwa Yorùbá ju bí ó ti yé òyìnbó lọ.

Èdè Ṣáínà jọ tiwa ní ọ̀nà kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò gbà jọ ọ́: èdè olóhùn ni. Bí àwa ti ní ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èdè Ṣáínà tí ìjọba ń lò ní ohùn mẹ́rin, láì ka ti ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí a kàn ń pè fẹ́rẹ́ láì fi ohùn kan lé e. Bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ yàtọ̀ sí tiwa. Wọn kì í to a, b, d pọ̀. Àmì ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan dúró fún sílébù kan, ó sì sábà máa ń ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi àlàfo sí àárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Òǹkàwé ni yóò fi làákàyè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan pin sí tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí pátákó ilẹ̀ tí ń yọ̀ nì. Àmì mẹ́rin ni ó wà lára rẹ̀, tí a ń pè ní xiǎoxīn dì huá. Méjì àkọ́kọ́ ń wí pé "ṣọ́ra". Ẹ̀kẹta ni "ilẹ̀". Ẹ̀kẹrin ni "yọ̀". Ṣọ́ra, ilẹ̀ ń yọ̀. Kò sí ọmọ Ṣáínà kan tí kò mọ ohun tí a ń wí fún un. Ṣùgbọ́n àmì kẹta yìí ní ìpè méjì. Bí a bá pè é ní dì, ilẹ̀ ni. Bí a bá pè é ní de, láì fi ohùn lé e, kì í ṣe ilẹ̀ mọ́; ó di ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ń sọ irú ọ̀nà tí a gbà ṣe nǹkan. Nígbà náà gbogbo rẹ̀ á wá di "fi ìṣọ́ra yọ̀". Ọmọ onílé gbọ́ ohùn náà nínú ọkàn rẹ̀ bí ó ti ń kà á. Ìwé fúnra rẹ̀ kò sọ ohùn, ẹ̀rọ tí ìwé nìkan wà níwájú rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ kejì, mo ní láti fi ọgbọ́n sọ ọ́ nítorí kọ́là tí ó wà lọ́rùn mi. Ní ọdún 1956, ìjọba Ṣáínà gbé ètò kan jáde láti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì ìkọ̀wé wọn di rírọrùn, kí ìwé kíkà má bàa nira fún mẹ̀kúnnù. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nípa ètò náà, àwọn ọ̀rọ̀ kan tí ó ní àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di alábàápín àmì kan ṣoṣo. Gān, tí ó túmọ̀ sí "gbẹ", àti gàn, tí ó túmọ̀ sí "ṣe", di ọ̀kan náà lójú ìwé, bí ohùn wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Gàn yìí sì ní ìlò kan ní ìgboro tí kò ṣeé sọ lórí àga ìwàásù. Ẹ̀rọ atúmọ̀ kan wá mú ìlò burúkú náà, ó sì ń fi í lé gbogbo ohun gbígbẹ lórí. Báyìí ni ó ṣe di pé ní àwọn ilé ìtajà ńlá, lókè ibi tí a to àwọn oúnjẹ gbígbẹ sí, èébú tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í bú níwájú ìyá rẹ̀ ni a kọ síbẹ̀ gbàgàdà, tí ìyá àti ọmọ sì ń ra ọjà lábẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Mair, ti Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, tọ ipasẹ̀ àṣìṣe yìí títí ó fi dé orísun rẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 2007. Ohun tí ó hàn gbangba nínú àlàyé rẹ̀ ni pé kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ méjì tí ohùn wọn yàtọ̀ ni a kọ bí ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò.

Ti oúnjẹ tún jinlẹ̀ ju ti pátákó lọ, nítorí pé ìtàn ni ó máa ń wà nínú orúkọ oúnjẹ. Ní ìlú Chengdu, ní àwọn ọdún 1930, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Guo Zhaohua àti aya rẹ̀ Zhang Tianzheng ń ta ẹran màlúù tí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ata sí. Ẹran tí àwọn ọlọ́rọ̀ kò kà sí ni wọ́n ń lò, irú ṣàkì àti àwọn ẹran inú mìíràn. Oúnjẹ náà dùn, òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ará ìlú sì fi orúkọ tọkọtaya náà pè é. Fèipiàn ni wọ́n ń pe ẹran ọ̀hún, èyíinì ni ègé ohun tí a dànù. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé kò yẹ kí a máa pe oúnjẹ tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ ní ohun ìdànù; wọ́n wá àmì mìíràn tí ìpè rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu gẹ́lẹ́, wọ́n sì fi í rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni àmì tuntun náà túmọ̀ sí. Bí orúkọ náà ṣe di fūqī fèipiàn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà sí ẹ̀dọ̀fóró kankan nínú rẹ̀. Àlejò wá dé, ó jókòó, ó ṣí ìwé oúnjẹ, ó sì kà níbẹ̀ pé: "Ègé ẹ̀dọ̀fóró ọkọ àti aya." Ta ni yóò jẹ ẹ́?

Oúnjẹ mìíràn wà láti Chengdu kan náà, tí a fi tòfú ṣe, èyíinì ni ẹ̀wà sóyà tí a ṣe bí wàrà. Mápó dòufu ni wọ́n ń pè é, nítorí ìyá arúgbó kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ní àpá ìgbóná wà lójú rẹ̀. Ìwé oúnjẹ sọ ọ́ di "Tòfú tí obìnrin olójú àpá ìgbóná ṣe". Ìṣù ẹran ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní orí kìnnìún nítorí bí ó ti rí. Ó di "orí kìnnìún tí a sun pupa", ẹ̀rù sì ba àlejò fún kìnnìún náà. Adìẹ tí kò tíì gbó, tí ẹran rẹ̀ ṣì rọ̀, ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọmọdé tí kò tíì mọ ayé pè. Nínú ìwé oúnjẹ, ó di adìẹ tí kò tíì mọ akọ rí. Ìyìn ńlá ni fún adìẹ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹni tí ebi ń pa fẹ́ mọ̀.

Kí a tó rẹ́rìn-ín tán, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ moínmoín ẹlẹ́mìí méje fún àlejò, kí ni yóò wí? Àwa mọ̀ pé ẹyin, ẹja, edé àti àwọn èròjà yòókù tí a kó sínú rẹ̀ ni ẹ̀mí méje náà. Ṣùgbọ́n àjèjì tí ó bá kà á pé oúnjẹ tí ó wà níwájú òun ní ẹ̀mí méje, bí kò bá sá, yóò béèrè ẹni tí yóò bá òun pa á. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, àṣìṣe kan náà ni. Ọ̀rọ̀ ni a túmọ̀. A kò túmọ̀ oúnjẹ.

Ẹ má sì ṣe rò pé Ṣáínà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2008 tí ilé oúnjẹ nì lókìkí, ìjọba ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales fẹ́ gbé pátákó kan sí ojú ọ̀nà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Welsh, pé kí ọkọ̀ akẹ́rù má gba ibẹ̀. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí atúmọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, èsì sì dé ní èdè Welsh. Wọ́n kọ èsì náà sára pátákó, wọ́n sì gbé e nàró. Nígbà tí àwọn tí ó gbọ́ Welsh dé ibẹ̀, ohun tí wọ́n kà ni pé: "N kò sí ní ọ́fíìsì báyìí. Ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kí a túmọ̀ ránṣẹ́." Ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Max Planck ní Jámánì tẹ ìwé ìròyìn kan jáde lórí Ṣáínà, wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ èdè Ṣáínà tí ó wuyì lójú ṣe iwájú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn tí ó mọ èdè náà kà á, wọ́n sì rí i pé ìpolówó ilé ijó oníhòòhò ni. Àwọn onímọ̀ náà tọrọ àforíjì. Ìwé ti pọ̀ lórí wọn tó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè kan, bí ó ti wù kí ó kàwé tó, ojú lásán ni ó fi ń wò ó.

Kí ni àwọn ará Ṣáínà wá ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin Olóyè fetí sí jù. Wọn kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Nígbà tí a ti fún Beijing ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 2008, ìjọba ìlú náà gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 2002 láti mú kí àwọn ará ìlú kọ́ èdè àjèjì, kí a sì tún àwọn pátákó ṣe. Wọ́n pe àwọn olùkọ́ yunifásítì wọn, wọ́n sì pe àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn mọ́ wọn. Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, wọ́n ti ṣe ìwé kan fún àwọn ilé oúnjẹ, tí orúkọ oúnjẹ tí ó lé ní 2,000 wà nínú rẹ̀. Shanghai ṣe bákan náà ṣáájú ìpàtẹ ńlá ti gbogbo ayé tí ó wáyé níbẹ̀ ní ọdún 2010. Wọ́n tún pátákó tí ó lé ní 10,000 ṣe. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2017 sì ni ìlànà kan ti wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, tí ó kó ìtumọ̀ tí ó lé ní 3,500 jọ fún ọkọ̀ wíwọ̀, ìwòsàn, owó, ìgbafẹ́ àti irú wọn bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi tún ti oúnjẹ ṣe yẹ fún wa láti kọ́. Oúnjẹ tí orúkọ rẹ̀ kò yé àlejò, wọ́n sọ ohun tí a fi sè é àti bí a ti sè é. Orí kìnnìún di ìṣù ẹran ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ sì padà di adìẹ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ iyì ilé, wọn kò tú u. Tòfú Mápó ṣì ń jẹ́ Tòfú Mápó, àlàyé kékeré ni a fi tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣe yẹ kí àmàlà máa jẹ́ àmàlà níbikíbi tí ó bá dé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí àtúnṣe náà. Ará Jámánì kan, Oliver Lutz Radtke, tí ó kó àwòrán irú pátákó bẹ́ẹ̀ jọ tí ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 2007, rò pé ó yẹ kí a dá díẹ̀ sí nínú wọn. Mo bá a lọ dé ibì kan. Pátákó kan wà tí wọ́n ń rì sí ẹ̀bá koríko ní àwọn ọgbà ìlú wọn. Òyìnbó ìbá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Má tẹ koríko." Ohun tí ti Ṣáínà wí ni pé: "Koríko kékeré ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ibòmíràn kọjá." Èmi kò rí àṣìṣe nínú èyí. Ìwà ọmọlúàbí ni mo rí, tí ó gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá tí kò sì bàjẹ́. Pátákó tí ó lè mú kí àlejò ṣubú, tàbí tí ó lè kan aláàbọ̀ ara lábùkù, kí a tún un ṣe kíákíá. Èyí tí ó kàn ń sọ̀rọ̀ bí ará ilé rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, kí a fi í sílẹ̀.

Èyí mú mi rántí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ níwájú yín. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, ọmọbìnrin kan kọ àròkọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ sọ pé bí òun ti ń ti oko bọ̀, òun gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ìyá òun láti ọ̀nà jíjìn; ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò fún etí ni ó sì lò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́ nílé. Mo ka á sókè fún kíláàsì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi sì ga ju tiwọn lọ. Ọmọ náà kò tún nawọ́ sókè ní kíláàsì mi títí ọdún fi parí. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọmọ yòókù kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ìwé kíkà ni wọ́n dà kọ. Òun nìkan ni ó gbìyànjú láti gbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i láti inú èdè kan sínú èkejì. Àṣìṣe rẹ̀ ni mo rí. N kò rí iṣẹ́ tí ó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tí ó kọ pátákó ilẹ̀ tí ń yọ̀. Ojú àlejò tóbi, kò fi ríran, ni àwọn àgbà wí. Ẹni yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ kí àlejò ṣubú. Ẹni tí ó kọ pátákó rẹ̀ ní èdè ara rẹ̀ nìkan kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n àlejò rẹ̀ yóò ṣubú.

Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn tí ń kọjá ń tọ̀ sí ògiri ilé ìjọsìn wa tí ó kọjú sí títì. Mo pe ẹni tí ń kọ pátákó, mo ní kí ó kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀. Ó béèrè bóyá kí òun fi àmì sí i. Mo wo oòrùn, mo wo ìwọ̀nba ọ̀dà tí ó kù nínú agolo, mo ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Ó kọ ọ́, ó lọ: E MA TO SIBI. Ní ọjọ́ kejì, díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ ní àmì ohùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ṣé kí a máa tò síbí ni, àbí kí a máa tọ̀ síbí?"

N kò ní èsì kankan. Ẹ má tọ̀ síbí, ìkìlọ̀ ni. Ẹ máa tọ̀ síbí, àṣẹ ni. Ẹ máa tò síbí, ìlà ni a ń pe ènìyàn sí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ògiri mi ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀ tí mo lè di ẹ̀bi rù. Kì í ṣe èdè àjèjì ni mo kọ. Olùkọ́ Yorùbá ni mí, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ náà mo san owó ọ̀dà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ lè wí pé ọmọ Yorùbá yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òótọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ṣáínà ti mọ̀ pé ilẹ̀ ni ó ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ onílé nìkan kọ́ ni ó ń ka ìwé wa mọ́. Láti ọdún 2013 ni Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Inú ohun tí a ti kọ sílẹ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́ èdè. Kò ní ìyá tí yóò pe ọ̀rọ̀ sí i létí. Bí a bá ń kọ ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun bí ọ̀rọ̀ kan náà, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ́ ni ìyàwó fẹ́? Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti sí Amẹ́ríkà náà sì ń kọ́ èdè baba wọn lójú ìwé, nítorí pé wọn kò gbọ́ ọ ní àdúgbò. Bí ìwé bá pa ohùn mọ́ wọn lára, ta ni yóò fún wọn ní ohùn? Ẹ̀rọ tí ó sọ oúnjẹ gbígbẹ di èébú ní Ṣáínà kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kọ fún un ni ó kà.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni mo ń tọrọ. Èkíní, ẹ̀yin Olóyè, ẹ̀yin ni ẹ ni àṣẹ lórí ọ̀pọ̀ pátákó tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ààfin, ní ọjà àti ní ẹnu bodè ìlú. Ẹ jẹ́ kí a fi àmì ohùn sí wọn. Ọ̀dà tí yóò gbà kò tó nǹkan. Èmi ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ mi. Èkejì, bí a bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa fún àlejò, tàbí ọ̀rọ̀ àlejò fún wa, kí a lo ẹ̀rọ bí ó bá wù wá, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì ka iṣẹ́ náà kí a tó gbé e nàró. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì wọ́, ẹ kọ́kọ́ yìn ín fún ẹrù tí ó gbé, kí ẹ tó fi hàn án bí a ti ń sọ̀ ọ́.

Ní ti àwọn ará Ṣáínà, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá rántí orí kìnnìún wọn. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá rẹ́rìn-ín tán, mo máa ń jáde lọ wo ògiri mi.